Láíbìrì kì í ṣe librairie: ohun tí ilé-ìkàwé ìlú ń ṣe gan-an

Ẹni tó bá ti Ìmẹ̀kọ rékọjá ẹnubodè wá sí Kétu, tó sì béèrè ibi tí láíbìrì wà, ibi tí wọ́n ti ń yá èèyàn ní ìwé kà ló ní lọ́kàn. Ọmọ Kétu tó fi èdè Faransé lọ sí iléèwé yóò gbọ́ ọ bíi librairie, yóò sì júwe ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta kàyé, bíìkì àti ìwé ọmọ iléèwé fún un. Kò sí ẹni tó ṣi ọ̀rọ̀ sọ nínú àwọn méjèèjì. Orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ibi ìyáwèékà ló jọ èyí tí Faransé fi ń pe ibi ìtàwé. Ibi ìyáwèékà, bibliothèque ni Faransé ń pè é. Èdè tiwa ló là á yéni jù: ilé-ìkàwé yàtọ̀, ilé-ìtàwé yàtọ̀.

Àṣìgbọ́ yìí ń pa àwọn èèyàn lára. Àwọn kan á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa fọwọ́ kan àpò wọn wò bóyá owó ibẹ̀ á tó, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ jókòó kàwé nínú ilé-ìkàwé ìlú kì í ra ohunkóhun. Àwọn mìíràn kò tiẹ̀ ní yà síbẹ̀ rárá, torí wọ́n gbà pé ti àwọn tó ń múra ìdánwò CEP, BEPC tàbí BAC ni. Èyí ló dùn wá jù, nítorí ẹni tó ti kúrò níléèwé gan-an ni kò ní ibòmíràn tí yóò ti rí ìwé.

Ilé-ìkàwé náà kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Bibliothèque nationale tó wà ní Àjàṣẹ́ ń tọ́jú ìwé kó má baà parun: òfin ní kí ẹ̀dà ohun tí wọ́n bá tẹ̀ jáde ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èèyàn lè lọ kàwé níbẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé kí ìwé náà ṣì wà nílẹ̀ fún ọmọ ọmọ wa. Ilé-ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀. CLAC, ìyẹn ibùdó ìkàwé àti àṣà tí àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé ṣe ìrànwọ́ láti dá sílẹ̀ ní àwọn ìlú kéékèèké, ní ìwé, ó sì ní eré, fíìmù àti ìpàdé. Ilé-ìkàwé ìlú ní tirẹ̀ kò yan ẹnì kan: télọ̀, ìyá olóúnjẹ, onízẹ́mìjàn, ọmọ ọdún mẹ́fà, ẹni tí kò mọ̀wé kà pàápàá. Ìwé ìlànà tí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ́kọ́ gbé jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1949, tí wọ́n tún ṣe ní 1994 àti ní 2022, sọ pé ọ̀fẹ́ ló yẹ kí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Bí ibì kan bá ń gba owó kékeré fún káàdì, owó káàdì àti àpò rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe owó ìwé.

Ta ló ni ín? Nínú ìlú tiwa, mérì ló sábà máa ń ni ín. Komúùnù 77 ló wà ní Bẹ̀nẹ̀. Kétu, Ṣábẹ àti Àjàṣẹ́ wà lára wọn, ìgbìmọ̀ komúùnù kọ̀ọ̀kan ló sì ń dìbò lórí ìṣúná rẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹ lè béèrè kí ọdún tó parí pé èló ni wọ́n kọ síwájú ilé-ìkàwé. Ẹ béèrè síwájú sí i pé èló nínú rẹ̀ ló wà fún ìwé. Ibi tí owó náà bá ti tán sórí owó oṣù àti iná, ìwé tuntun kankan kò ní wọlé, àwọn èèyàn á ka èyí tó wà nílẹ̀ tán, wọn ò sì ní padà wá mọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ìbéèrè kan wọlé ká lè rí bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Àgbẹ̀ kan dé, ó ní òun ń wá ìwé lórí àgbàdo. Olùtọ́jú ilé-ìkàwé tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní sáré lọ síbi pẹpẹ. Yóò kọ́kọ́ bi í pé, “Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?” Àgbẹ̀ náà á wá sọ pé kòkòrò kan ń jẹ ewé àgbàdo òun láti inú ọkàn rẹ̀, ó sì ń fi ohun kan sílẹ̀ bíi lẹ́búlẹ́bú tó ń já bọ́ lẹ́nu ayùn. Ìbéèrè ti yí padà nìyẹn. Kì í ṣe ìwé àgbàdo ni bàbá ń wá, ìwé kòkòrò ni. Nítorí náà, bí ẹ bá lọ sí ilé-ìkàwé, ẹ má dárúkọ ìwé; ẹ sọ ohun tó ń dà yín láàmú. Ẹ ò ní í gbọ́ “kò sí” kíá bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìwé kọ̀ọ̀kan, níbi tí wọ́n ti dì í pọ̀, ẹ ó rí ìwé pélébé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn: 633.15, lẹ́tà mẹ́ta sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ látinú orúkọ òǹkọ̀wé. Ọ̀pọ̀ rò pé iye owó ìwé ni. Àdírẹ́sì rẹ̀ ni. Melvil Dewey, ará Amẹ́ríkà, ló tẹ ètò yìí jáde ní 1876. Ó pín ìmọ̀ gbogbo sí ọ̀wọ́ mẹ́wàá, láti 000 dé 900, ó pín ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan sí mẹ́wàá, ó sì tún pín ìyẹn náà sí mẹ́wàá. Ẹni tó bá mọ bí Ifá ṣe tò, kò ní pẹ́ yé e. Babaláwo kì í ka odù 256 tán kó tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Àmì tó bá jáde lójú ọpọ́n ló ń mú un lọ tààrà sínú odù, kó tó wá kan ẹsẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni nọ́ńbà yìí. 600 ni gbogbo ohun tí èèyàn ń fi ìmọ̀ ṣe láti gbé ayé: ìṣègùn, iṣẹ́ ẹ̀rọ, oúnjẹ sísè. 630 nínú rẹ̀ ni iṣẹ́ àgbẹ̀. 633 ni ohun ọ̀gbìn inú oko, 633.1 ni ọkà lóríṣiríṣi, 633.15 ni àgbàdo. Ẹ̀gẹ́ wà ní 633.682, kajú wà ní 634.573. Èdè Yorùbá ni 496.333, lítíréṣọ̀ Yorùbá ni 896.333, ìtàn orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ sì ni 966.83. Ilé kékeré tí ìwé rẹ̀ kò pọ̀ lè gé e kúrú sí 633 péré, ìyẹn kò sì burú.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìnà ni ẹ̀yìn àmì ìdádúró. Ẹni tó ń wá 633.15 á rí 633.2, á sì rò pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ju méjì lọ, á wá kọrí síwájú. Ẹ má kà á bíi odidi iye. Ẹ kà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: 1 ṣáájú 2, torí náà 633.15 ti wà lẹ́yìn yín. Ìdí kan náà ló fà á tí olùtọ́jú fi máa ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má fọwọ́ ara yín dá ìwé padà sórí pẹpẹ, kí ẹ fi sílẹ̀ lórí tábìlì. Àwọn kan rò pé ìgbéraga ni. Nínú ilé tó ní ìwé 3000, ìwé tó bá bọ́ sí pẹpẹ tí kì í ṣe tirẹ̀ ti sọnù títí di ọjọ́ tí wọ́n bá ka gbogbo ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyẹn sì lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Àǹfààní kejì tún wà níbẹ̀: bí wọ́n bá ka iye ìwé tó wà lórí tábìlì nírọ̀lẹ́, wọ́n á mọ ohun tí àwọn ará ìlú ń kà láì yá a lọ sílé.

Ká padà sọ́dọ̀ bàbá àgbẹ̀. Olùtọ́jú á wo 633.15, á sì tún wo 632, níbi tí ìwé àrùn àti kòkòrò ohun ọ̀gbìn wà. Ká ní ìwé mẹ́ta ló rí, tó jẹ́ pé kí ọdún 2010 tó dé ni wọ́n ti tẹ gbogbo wọn. Ìwé dáadáa ni wọ́n, àwòrán wà nínú wọn, ṣùgbọ́n kò sí ìkankan tó lè dá bàbá lóhùn bó bá jẹ́ kòkòrò tí Faransé ń pè ní chenille légionnaire d'automne ló wọ oko rẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni kòkòrò yẹn ti wá. 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ kéde pé ó ti dé apá ibi tí a wà yìí, Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà wà lára ibi tó kọ́kọ́ dé. Àmì tí wọ́n fi ń dá a mọ̀ ni ìlà funfun tó dà bíi Y tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò níwájú orí rẹ̀, àti àmì dúdú mẹ́rin tó tò bí igun mẹ́rin nítòsí ìrù. Ìwé tó jáde ṣáájú 2016 kò lè sọ pé ó ti dé ọ̀dọ̀ wa. Olùtọ́jú á wá bọ́ sórí kọ̀ǹpútà, á wá ohun tí FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, gbé jáde lórí rẹ̀ ní èdè Faransé, á tẹ ojú ewé tó ní àwòrán, á sì túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún bàbá bí kò bá ka Faransé. Bàbá á mú ewé àgbàdo kan pẹ̀lú kòkòrò náà wá nínú ike lọ́la, wọ́n á jọ fi wé àwòrán. Oògùn tí yóò fín ni ilé-ìkàwé kò ní sọ. Ìyẹn di ọwọ́ òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba, ilé-ìkàwé á sì júwe ibi tó wà.

Láti ibẹ̀ lẹ ti lè rí ìdí tí wọ́n fi ń yọ ìwé dànù. Ohun tó ń bí àwọn ará ìlú nínú jù nìyí. Wọ́n á rí páálí ìwé lẹ́yìn ilé, wọ́n á ní àwọn èèyàn yìí ń ba ìwé jẹ́. Désherbage ni àwọn tó kọ́ iṣẹ́ yìí ní Faransé ń pè é, ìyẹn oko ríro, orúkọ náà sì bá a mu gan-an. Lẹ́tà márùn-ún ni wọ́n fi ń rántí ohun tó yẹ kí wọ́n yọ: IOUPI. I àkọ́kọ́, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò tọ̀nà. O, kò jinlẹ̀, kò ní ohun tí ìwé mìíràn kò ní. U, ó ti gbó, ewé rẹ̀ ti já. P, ìgbà rẹ̀ ti kọjá. I ìkẹyìn, kò bá àwọn tó ń kàwé níbẹ̀ mu. Ìwé òfin tí wọ́n ti yí padà léwu ju kí pẹpẹ ṣófo lọ: ẹni tó bá kà á á gbà á gbọ́, torí ilé-ìkàwé ló ti rí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé ìlera àtijọ́ tó ń sọ iye oògùn fún ọmọdé.

Yíyọ náà ní ìlànà. Wọ́n á tẹ òǹtẹ̀ mìíràn lé òǹtẹ̀ ilé-ìkàwé lórí láti fi hàn pé ìwé náà ti kúrò níbẹ̀. Wọ́n á fa ìlà sí i nínú ìwé àkọsílẹ̀ ńlá, wọ́n á kọ ọjọ́ àti ìdí. Nọ́ńbà rẹ̀ kò ní di ti ìwé mìíràn láé. Bí wọn kò bá tẹ òǹtẹ̀ kejì yẹn, tí ewé ìwé náà bá dé ọwọ́ alákàrà, ẹni tó bá ra àkàrà á rí òǹtẹ̀ ilé-ìkàwé lára rẹ̀, á sì gbà pé wọ́n jí i ni. Ìwé ìtàn ìlú nìkan ni a kì í ro kúrò, bó ti wù kó gbó tó.

Ohun tó tan mọ́ èyí ni ìwé ọ̀fẹ́. Páálí ìwé á dé láti òkè òkun, inú gbogbo ìlú á dùn. Wọ́n á tú u, wọ́n á bá ìwé ìtọ́sọ́nà kọ̀ǹpútà tó ti kọjá lọ láti bí ogún ọdún, apá kan ṣoṣo nínú ìwé ìmọ̀ alápá mẹ́wàá, àti ìwé bí wọ́n ṣe ń gbin òdòdó níbi tí yìnyín ti ń bọ́. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ilé-ìkàwé fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ ṣáájú, kó sọ ohun tó ń fẹ́ àti ohun tí kò lè gbà. Kò sí àìmoore nínú ẹ̀. Iṣẹ́ ìwé kan kí ó tó dórí pẹpẹ pọ̀: wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò fún kòkòrò níta kó tó wọlé, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà, ọjọ́, òǹkọ̀wé, àkọlé, ọdún, ibi tó ti wá àti iye owó rẹ̀, wọ́n á tẹ òǹtẹ̀ sí ojú ewé àkọlé àti sí ojú ewé kan nínú tí ilé náà ti yàn tí kì í yí padà, kí ẹni tó bá fa ewé àkọlé ya má baà rí i sọ di tirẹ̀, wọ́n á wá nọ́ńbà Dewey rẹ̀, wọ́n á lẹ ìwé pélébé mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sí ìsàlẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ lè tò lọ́gbọọgba lójú, wọ́n á ṣe káàdì, wọ́n á fi ọ̀rá wé e. Bí ó bá gba ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún ìwé kan, ìwé 100 gba wákàtí 25. Ó ju ìdajì ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ ẹnì kan lọ nìyẹn, bí ìwé náà bá sì jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni kò ní kà, a ti fi wákàtí náà ṣòfò.

Yíyá ìwé lọ sílé wá ń kọ́? Ohun tí wọ́n sábà máa ń béèrè ni ẹ̀dà ìwé ìdánimọ̀, fọ́tò kékeré, àti onígbọ̀wọ́ kan tó ń gbé ìlú. Fún ọmọdé, òbí rẹ̀ ni yóò tọwọ́ bọ ìwé. Àwọn kan ka onígbọ̀wọ́ sí àìfọkàntánni. Àmọ́ ilé-ìkàwé kò mọ ilé yín. Onígbọ̀wọ́ ni ọ̀nà kan ṣoṣo tó fi lè rí ìwé rẹ̀ gbà bí ẹ bá kó lọ sí Kútọnu tàbí Èkó.

Ẹ wo bí káàdì ṣe ń ṣiṣẹ́, torí níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, káàdì dára ju kọ̀ǹpútà lọ fún iṣẹ́ yìí. Nínú ẹ̀yìn ìwé kọ̀ọ̀kan, àpò pélébé kan wà, káàdì ìwé náà sì wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ yá a, olùtọ́jú á yọ káàdì, á kọ nọ́ńbà yín àti ọjọ́ ìdápadà sí i, á tẹ ọjọ́ yẹn sórí ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú ewé ìkẹyìn kí ẹ̀yin náà lè rí i, á sì fi káàdì sínú àpótí tí wọ́n fi páálí pín ní ọjọ́ọjọ́. Láràárọ̀, ohun tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn páálí ọjọ́ àná ni ìwé tó ti pẹ́. Kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni ìgbà tí ìwé méjì bá padà lẹ́ẹ̀kan náà, tí èrò pọ̀, tí káàdì tẹni kan sì bọ́ sínú ìwé ẹlòmíràn. Oṣù kan lẹ́yìn náà, wọ́n á máa dún mọ̀huru mọ́ ẹni tó ti dá ìwé rẹ̀ padà tipẹ́. Nítorí náà, bí ẹ bá dá ìwé padà, ẹ má tíì lọ. Ẹ dúró kí wọ́n fi káàdì rẹ̀ sínú rẹ̀ lójú yín, kí wọ́n sì fagi lé nọ́ńbà yín.

Kí ló dé tó jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n sábà máa ń yá ìwé fúnni? Ọ̀sẹ̀ 52 ló wà nínú ọdún. Bí oníkálukú bá dá ìwé padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìwé kan ṣoṣo lè dé ọwọ́ èèyàn 26 lọ́dún. Bí oníkálukú bá dì í mú fún oṣù méjì, èèyàn mẹ́fà péré ni. Ìwé náà kò yí padà, owó tí wọ́n fi rà á kò yí padà, ṣùgbọ́n ogún èèyàn kò ní rí i kà. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà. Ní ti ìwé, ọ̀nà ẹlòmíràn lẹ bẹ́gi dí. Bí ẹ ò bá tíì kà á tán, ẹ mú un wá kí wọ́n tún ọjọ́ kọ sí i. Bí kò bá sí ẹlòmíràn tó ń dúró dè é, wọn ò ní ṣẹ́ yín.

Nípa owó ìtanràn, èrò tiwa ni pé kí wọ́n má gba á lọ́wọ́ ọmọdé rárá. Ọmọ tó bá jẹ 300 fúráǹkì kì í wá san án. Ṣe ló máa ń fi ìwé pamọ́ sábẹ́ ibùsùn, kò sì ní gba iwájú ilé-ìkàwé kọjá mọ́. Ilé-ìkàwé pàdánù ìwé, ó pàdánù òǹkàwé. Kí wọ́n ya ọ̀sẹ̀ kan sọ́tọ̀ lọ́dún tí ẹnikẹ́ni lè dá ìwé padà láì sí ìbéèrè, kí wọ́n sì kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí àti lórí rédíò.

Àwọn ìwé kan kì í jáde: ìwé atúmọ̀ èdè, ìwé òfin, máàpù. Bí ìdánwò bá sì ti sún mọ́lé, ìwé iléèwé tí ẹ̀dà rẹ̀ kò ju méjì lọ á di èyí tí wọ́n ń kà níbẹ̀ nìkan, kí ọmọ ogún lè pín in lò ní wákàtíwákàtí dípò ọmọ méjì.

Ọ̀rọ̀ ìwé Yorùbá tún nílò àlàyé tirẹ̀, nítorí ilẹ̀ tiwa ni ìṣòro yìí ti lágbára jù. Ìwé tó ti Nàìjíríà wá ń kọ ẹ, ọ, ṣ àti p. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ gẹ́gẹ́ bí álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè ń kọ ɛ, ɔ, sh àti kp. Ọjà di ɔjà, ṣíbí di shíbí, pẹ̀lú di kpɛ̀lú. Ẹni tó kọ́ ọ̀kan á ṣí ìkejì, á ní èdè ibòmíràn ni, á sì gbé e sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ìwé pélébé kan tó fi lẹ́tà méjèèjì wé ara wọn, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú èèpo ìwé kọ̀ọ̀kan, ti tó. Nínú káàdì àwárí, tí èèyàn fi ń mọ ibi tí ìwé wà, àkọtọ́ kan ṣoṣo ni kí ilé-ìkàwé yàn, kó sì fi káàdì atọ́ka sí ibi ìkejì: lábẹ́ SH kí wọ́n kọ “ẹ wo Ṣ”. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìwé méjì lórí Ṣábẹ á wà níbi méjì, ẹni tó bá rí ọ̀kan kò sì ní mọ̀ pé ìkejì wà.

Ìṣòro kan náà wà lórí kọ̀ǹpútà. Kíbọ́ọ̀dù Faransé yàtọ̀ sí ti Nàìjíríà: A àti Q gba ipò ara wọn, Z àti W náà bẹ́ẹ̀, M wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ L, ẹ sì gbọ́dọ̀ tẹ bọ́tìnnì Maj mọ́lẹ̀ kí nọ́ńbà tó jáde. Ẹni tó ti Ìlárá apá Nàìjíríà wá, tó tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ bó ṣe mọ̀ ọ́n tẹ̀, á rí i pé kò ṣí, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á sì ti í mọ́ta. Ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ síbi tí ojú lè rí i, kí ẹ wò ó, kí ẹ pa á rẹ́, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ síbi tó yẹ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń wá sí ilé-ìkàwé báyìí láti béèrè ìwé ìjọba lórí service-public.bj. Ẹ má lọ láì tẹ “Se déconnecter”, ìyẹn ibi tí ẹ ti máa jáde. Bí ẹ bá gbé ìwé ìdánimọ̀ yín sórí kọ̀ǹpútà náà, ẹ pa á rẹ́, kí ẹ sì tú inú àpótí ìdọ̀tí rẹ̀ dànù pẹ̀lú, torí ohun tó wà nínú àpótí yẹn ṣì wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá jókòó lẹ́yìn yín.

Ọ̀rinrin àti ikán ni ọ̀tá ìwé níhìn-ín. Nígbà òjò, ìwé tí wọ́n há mọ́ra wọn pinpin sára ògiri á bu bíi búrẹ́dì. Pẹpẹ gbọ́dọ̀ jìnnà sí ògiri tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá kí afẹ́fẹ́ lè kọjá, ìwé ìsàlẹ̀ pátápátá kò sì gbọdọ̀ fara kan ilẹ̀. Bí òjò bá pa ìwé yín, ẹ má gbé e sóòrùn: ewé rẹ̀ á ká, á sì le. Ẹ gbé e nàró, kí ẹ la ewé rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ dojú fáànù kọ ọ́ láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì mú un padà wá kíá, torí lẹ́yìn ọjọ́ méjì ni funfun á bẹ̀rẹ̀ sí í hù sí i lára. Bí ewé bá sì ya, ẹ má fi scotch lẹ̀ ẹ́. Ohun tó ń mú un lẹ̀ máa ń wọnú ìwé, á di pupa rúsúrúsú, ọ̀rá ojú rẹ̀ á ṣí, àbààwọ́n á sì kù. Ẹ kàn sọ pé ó ti ya. Sítáàṣì tí wọ́n sè fúyẹ́ àti ìwé tín-ín-rín ni wọ́n ń fi tún un ṣe, kò sì ní í hàn púpọ̀.

Ẹni tí kò mọ̀wé kà náà ní ìpín tirẹ̀. Wọ́n lè ka lẹ́tà tó ti mérì wá fún un, kí wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀. Ó lè jókòó síbi kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Ó sì lè jẹ́ òun gan-an ni olùkọ́: nírọ̀lẹ́ ọjọ́ àlọ́, ìyá àgbà tí kò fọwọ́ kan bíìkì rí ló ń wí pé “Àlọ́ o,” tí ọmọ ogójì ń dáhùn pé “Àlọ̀.”

Ibẹ̀ ni a ti kan apá tí kò sí ilé-ìkàwé mìíràn láyé tó lè ṣe é fún wa: àkójọ ti ìlú. Ìwé ètò ìsìnkú, fọ́tò àtijọ́, oríkì agbo ilé, ìwé ètò ìdàgbàsókè tí komúùnù kọ, àti ohùn. Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí Kétu mọ̀ dáadáa, wà lára ohun tí UNESCO kéde ní 2001 pé ó jẹ́ ogún gbogbo ayé, síbẹ̀ orin ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n kọ lóru kan lè má dún mọ́ láé bí kò bá sí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń gbà á sórí fóònù, fóònù á sì bàjẹ́. Bí ẹ bá ní irú rẹ̀, ẹ mú un wá kí wọ́n dà á kọ síbi méjì tó yàtọ̀ síra. Kí ẹ tó wá, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó kọ orin náà àti àwọn àgbà ẹgbẹ́ rẹ̀ bóyá kí gbogbo èèyàn gbọ́ ọ, tàbí inú ilé-ìkàwé nìkan, tàbí ó di lẹ́yìn iye ọdún kan. Olùtọ́jú á kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀, wọ́n á sì tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gbà á, àdúgbò, ohun tí wọ́n torí rẹ̀ ṣeré, orúkọ ẹni tó ń lé orin àti ti onílù. Ohùn tí kò ní àwọn orúkọ wọ̀nyí, lẹ́yìn ogún ọdún, àwọn ọmọ á gbọ́ ọ, wọn ò ní mọ̀ pé bàbá wọn ló ń kọrin.